Fífi LED Wé Gílóòbù Àtilẹ̀wá: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Iná Iwájú Ọ̀kadà Yín

Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà lálẹ́ ní Ìbàdàn mọ ibi tí iná ìgboro ti ń parí. Tí ẹ bá ti Òjóò lọ, tí ẹ kọjá IITA, tí ẹ dé Mọ́níyà, tí ẹ wá yà sí ọ̀nà Ìjàyè, òkùnkùn tí ẹ ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn Bódìjà. Ọ̀nà yẹn ló gbé mi lọ sí ọjà Gate lọ ra gílóòbù LED fún iná iwájú ọ̀kadà mi. Ọjọ́ náà gan-an ni mo fi sí i, mo tàn án sí ògiri ilé wa, gbogbo ògiri funfun báláú, inú mi sì dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo pàdé bàbá kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá ti fi ọwọ́ kan bo ojú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọ kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Orúnkún rẹ̀ bó. Nígbà tí mo gbé e dìde, ohun tó sọ fún mi kò ju pé, "Ọmọ mi, iná rẹ ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà." Iná díìmù tó ń wo ilẹ̀ nítòsí ni mo sì tàn o, kì í ṣe fúúlù tó ń tàn lọ sókèèrè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ gílóòbù. Gbogbo wa la máa ń bi oníṣọ́ọ̀bù pé, "Èwo ló mọ́lẹ̀ jù nínú wọn?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ ká máa bi í. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń balẹ̀ sí ló ṣe pàtàkì, oníṣọ́ọ̀bù ò sì lè dáhùn ìyẹn, torí inú hẹ́díláìtì ọ̀kadà tiyín ni ìdáhùn wà. Ẹ lè wá a fúnra yín láàárín ọ̀sán kan àti alẹ́ kan. Ẹ nílò tẹ́sítà tí àwọn rewáyà fi ń wọn volt àti ampere, ṣọ́ọ̀kì, ògiri kan, aṣọ dúdú, àti ẹnì kan tí yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yọ gílóòbù tó wà níbẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa

Ẹ pa iná, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Gílóòbù tó ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní halogen, ó sì máa ń gbóná débi tó lè bó èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ṣí rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tú wáyà tó dè é mọ́ àyè rẹ̀, kí ẹ di ibi irin ìdí rẹ̀ mú. Ẹ má fi ìka kan dígí rẹ̀ rárá. Òróró ara ọwọ́ máa ń jẹ́ kí ojú ibi tó kàn gbóná ju ìyókù lọ, gílóòbù náà ò sì ní pẹ́ kú. Tí ọwọ́ bá ti kàn án, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti spírítì nù ún.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára irin náà. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó wà nígboro, ẹ ó rí HS1, 12V, 35/35W. Ti àwọn máṣíìnì ńlá sábà máa ń jẹ́ H4, 60/55W. Àwọn kéékèèké kan wà tí wáàtì wọn kò tó ìyẹn, tí ìdí wọn sì yàtọ̀ pátápátá. HS1 àti H4 jọra bí ìbejì: ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ní, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà sì máa ń wọ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Etí irin tó ń jókòó sínú hẹ́díláìtì nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, àwọn kan sì máa ń fi fáìlì rẹ́ ẹ kí H4 lè wọ àyè HS1. Ẹ má gbà fún wọn. Wáyà, àti kọ́ìlì inú máṣíìnì tó ń mú iná wá, tí wọ́n ṣe fún wáàtì 35 kò lè gbé 60 pẹ́ títí. Mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí àbẹ́là nítorí irú ìyẹn.

Ẹ wá gbé gílóòbù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ wo inú rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n lọ́ bí irun. Èyí tó wà lápá iwájú ni díìmù, irin kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ṣíbí. Èyí tó wà lẹ́yìn ni fúúlù, òun ò ní ṣíbí. Nígbà tí ẹ bá tan díìmù, ṣíbí yìí ò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìdajì òkè àwo dídán inú hẹ́díláìtì nìkan ni ìmọ́lẹ̀ máa kàn, ibẹ̀ ni yóò sì ti dà á sílẹ̀ sójú títì. Tí ẹ bá tan fúúlù, gbogbo àwo náà ló ń ṣiṣẹ́. Ṣíbí tí kò tó èékánná ọmọdé yìí ni kì í jẹ́ kí iná yín wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. LED àkọ́kọ́ tí mo rà kò ní ohunkóhun tó jọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú iná tí ọ̀kadà yín ń gbé wá

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má ta máṣíìnì, kí ẹ tan iná iwájú. Tó bá tàn, bátìrì ló ń bọ́ ọ, DC nìyẹn. Tí kò bá tàn àfi ìgbà tí máṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń mọ́lẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fa tọ́rọ́tù, a jẹ́ pé láti ara kọ́ìlì ló ti ń wá tààrà, AC nìyẹn.

Tó bá jẹ́ AC, LED tí kò ní ohun tó ń sọ AC di DC nínú yóò máa ṣẹ́jú wìrìwìrì tàbí kó jó. Èyí tí wọ́n bá kọ AC/DC sí lára nìkan ni kí ẹ dán wò. Àwọn rewáyà kan lè yí ìlànà wáyà padà kí bátìrì máa bọ́ iná iwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú kọ́ìlì ni, kì í ṣe pé kí èèyàn kàn so wáyà kan mọ́ òmíràn. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ jẹ́ AC ni pé kó ṣe ìgbésẹ̀ tó kàn yìí tán pátápátá kó tó ná kọ́bọ̀ lórí LED.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fún gílóòbù àtilẹ̀wá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀

Ibí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù. Mo gbé ẹjọ́ mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rewáyà kan ní Sángo. Kò wo LED tí mo mú lọ́wọ́. Ó ní, "Volt mélòó ló ń dé ẹ̀yìn gílóòbù rẹ?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò wọ̀n ọ́n rí. Ṣebí 12 ni wọ́n kọ sí i?"

Ó ní, "Ìyẹn ni wọ́n kọ. Èmi ń bi ọ́ ní èyí tó ń dé ibẹ̀."

A ta máṣíìnì, a tan díìmù, bàbá sì fi tẹ́sítà sẹ́nu bátìrì: 13.6. Ó gbé e lọ sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí gílóòbù ti ń jó: 11.9. Volt tó sọnù sójú ọ̀nà lé ní ọ̀kan ààbọ̀. Lójú, kò tó nǹkan. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ halogen kì í bá volt dín ní dọ́gbadọ́gba: tí volt bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, ìmọ́lẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 30 dín. Tèmi ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, láìmọ̀. Bàbá tú bóòtù tí wáyà áàtì (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì) wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ yíká. Ó fi sáńpépà ha á títí irin fi dán. Ó ṣí sùwíìṣì ọwọ́ òsì, àwọn ẹnu rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ó ha àwọn náà. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, 13.2 ló ń dé ẹ̀yìn gílóòbù. Gílóòbù kan náà ni o. Mo gun máṣíìnì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dà bíi pé wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun wé ohunkóhun. Tí ọ̀kadà yín bá jẹ́ DC, ẹ wọn ẹnu bátìrì àti ẹ̀yìn gílóòbù, pẹ̀lú iná ní títàn. Tí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì volt lọ, ẹ wá ibi tó ti ń sọnù: áàtì, sùwíìṣì, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó. Tó bá jẹ́ AC, ẹ yí tẹ́sítà sí ojú AC, ẹ fa tọ́rọ́tù díẹ̀, kí ẹ wọn ẹ̀yìn gílóòbù. Tó bá lọ sókè ju 15 lọ, rẹ́gílétọ̀ tó ń kó volt níjàánu ló ń kú lọ, òun náà ló sì ń pa gílóòbù yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. LED tí ẹ bá fi síbẹ̀, á pa òun náà.

Ẹ wo àwo dídán inú hẹ́díláìtì. Tó bá ti pọ́n tàbí tó ti ṣú, kò sí gílóòbù tó lè mú un dán. Ẹ fọ dígí iwájú pẹ̀lú omi ọṣẹ, níta àti nínú tó bá ṣeé ṣí. Àmọ́ ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu àwo dídán náà, torí ohun tí wọ́n fi kùn ún fẹ́lẹ́ gan-an, á bó.

Ìdí nìyí tí LED fi máa ń jọ iṣẹ́ ìyanu nínú ọ̀kadà tí wáyà rẹ̀ ti gbó. Èyí tó dára nínú wọn ní ohun tó ń ṣètò iná nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá 11 tàbí 13 ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi LED tuntun wé halogen tí áàtì rẹ̀ ti pẹtà kò tíì fi nǹkan méjì wé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú gílóòbù àtilẹ̀wá dání lọ sọ́jà

Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ mú un lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé LED fún yín, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí irin sí etí irin. Àwọn hóró aláwọ̀ ìyeyè tó ń mú ìmọ́lẹ̀ wá lára LED gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí wáyà tín-ín-rín inú halogen wà gan-an: hóró díìmù ní ibi díìmù, hóró fúúlù ní ibi fúúlù, kí irin tó dà bí ṣíbí sì wà lábẹ́ ti díìmù. Tó bá fi ìwọ̀n mìlímítà méjì péré yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, àwo dídán á da ìmọ́lẹ̀ síbòmíràn. Pátákó tí wọ́n to hóró sí gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè sún mọ́ra bíi pé wáyà kan ṣoṣo ni. Ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n to hóró yí gbogbo ara wọn ká bí àgbàdo lára ṣùkù. Ẹ dá ìyẹn padà fún wọn. Kò sí bó ṣe lè da ìmọ́lẹ̀ sí ibì kan ṣoṣo.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú ni halogen ń ta ooru sí, ẹ̀yìn ni ti LED ń gbà jáde, nípasẹ̀ fáànù kékeré tàbí irin oníyẹ̀ẹ́, ìyẹn irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò bí ìyẹ́. Tí ooru yẹn ò bá ráyè jáde, ìmọ́lẹ̀ á máa rẹ̀ sílẹ̀, hóró á sì kú láìpẹ́ ọjọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan wọn àyè tó wà lẹ́yìn gílóòbù nínú ìkòkò hẹ́díláìtì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní ìwọ̀n náà. LED tó bá gùn ju ìgbálẹ̀ yẹn lọ kò ní jẹ́ kí hẹ́díláìtì pa dé. Ti fáànù, eruku ọ̀nà wa àti omi òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Oníyẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́ràn jù tó bá lè wọlé.

Ẹ má ka iye lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tó wà lára páálí sí. HS1 àtilẹ̀wá, ní 13.2 volt, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni lumen 825 fún fúúlù àti 525 fún díìmù. Tí páálí LED bá ní 20,000, ẹ rò ó wò: LED tó dára ń mú nǹkan bíi lumen 100 sí 150 wá fún wáàtì kan, a jẹ́ pé 20,000 máa gba wáàtì tó lé ní 130, kọ́ìlì ọ̀kadà ò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láti fún gílóòbù kan. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì níwájú yín, kí tẹ́sítà wà láàárín, ní ojú ampere. Ẹ fi ampere náà ṣe ìlọ́po volt, wáàtì òtítọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ wáàtì 80 sí, tó wá ń fa ampere kan, wáàtì 12 ló jẹ́. Wáàtì 12 kò burú o, ó tó iṣẹ́ ṣe tí hóró bá wà ní àyè rẹ̀. Irọ́ tó wà lára páálí ló yẹ kó jẹ́ kí ẹ fura sí ìyókù.

Àwọ̀ ńkọ́? K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Halogen wà ní bíi 3200K, ó pọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ LED wà ní 6000K sókè, ó funfun débi tó fi ń fi búlúù hàn. Àwọ̀ búlúù yẹn ló ń gún ẹni tó ń bọ̀ lójú jù. Tí ẹ bá rí 4000K sí 5000K, òun ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ògiri ṣe adájọ́

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ògiri wà níwájú rẹ̀. Ní Ìbàdàn wa olókè yìí, ìyẹn nìkan lè gba kí ẹ lọ sí pápá ilé ìwé. Ẹ fẹ́ táyà dáadáa. Ẹ jókòó sórí máṣíìnì, kí ẹ sì gbé irú ẹrù tí ẹ máa ń gbé. Ọ̀kadà tí kò gbé ẹnì kankan yàtọ̀ sí èyí tó gbé èrò méjì tàbí àpò iṣu: ẹ̀yìn á wọlẹ̀, iwájú á gbójú sókè, iná náà á sì gbójú sókè.

Ẹ gbé táyà iwájú sí ibi tí hẹ́díláìtì á fi jìnnà sí ògiri ní mítà 5. Ẹ wọn gíga àárín hẹ́díláìtì láti ilẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ògiri ní gíga kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan díìmù halogen. Ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà ní etí lókè, bí ìgbà tí omi dúró sínú agbada. Etí yẹn yẹ kó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 nísàlẹ̀ ìlà ṣọ́ọ̀kì. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi bóòtù tó ń yí hẹ́díláìtì tún un ṣe. Kí ẹnì kejì wá fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí náà láti òsì dé ọ̀tún.

Láì sún máṣíìnì, ẹ yọ halogen, ẹ fi LED sí i. Ẹ tan díìmù. Ẹ má wo bó ṣe funfun tó, etí òkè ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ṣé ó ṣì ní etí? Ṣé ó bá ti ṣọ́ọ̀kì mu? Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń tú sókè ìlà bí omi tó ń hó kọjá ẹnu ìkòkò, ohun tó máa wọ ojú bàbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni ẹ ń wò yẹn. Ẹ gbìyànjú àtúnṣe kan: ọ̀pọ̀ LED ní òrùka tó ṣeé tú. Ẹ yí gílóòbù títí hóró fi kọjú sí òsì àti ọ̀tún, kó má kọjú sókè àti sísàlẹ̀, kí ṣíbí sì wà nísàlẹ̀. Tí etí bá yọ, ó dára. Tí kò bá yọ, ẹ dá a padà. Ẹ má tẹ hẹ́díláìtì ba láti fi bo àṣìṣe rẹ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ á kó jọ sẹ́nu táyà, ojú yín á mọ́ ọn lára, òkèèrè á sì túbọ̀ ṣókùnkùn sí yín.

Ní Jámánì, láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí àwọn LED kan láti rọ́pò halogen. Wọn ò fọwọ́ sí i fún gbogbo ọkọ̀: inú hẹ́díláìtì oríṣi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń dán an wò kí orúkọ ọkọ̀ náà tó wọ ìwé. Gílóòbù kan náà lè yege nínú ọ̀kan kó sì kùnà nínú èkejì. Nítorí náà, tí ọ̀rẹ́ yín bá ní LED òun dára, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì tún fi ògiri dán tiyín wò.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò méjèèjì, ẹ tẹ ìka mọ́ ojú fóònù pẹ́ títí á fi ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa sójú kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù á máa tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, fọ́tò yín á sì máa parọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Aṣọ dúdú lójú ọ̀nà

Ẹ wá ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà lálẹ́. Ẹ fi aṣọ dúdú kọ́ sórí àga, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ẹni tó dúró. Ẹ tan díìmù, kí ẹnì kejì máa gbé àga náà lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ò fi rí i mọ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ka iye ìgbésẹ̀ láti ibẹ̀ padà sídìí máṣíìnì (ẹ wọn gígùn ìgbésẹ̀ yín kan kí ẹ lè sọ ọ́ di mítà). Ẹni tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rìn nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó rí nǹkan, kó tẹ bíréèkì, kó sì dúró, á ti tó mítà 35 sí 40, lórí ọ̀dà gbígbẹ. Tí aṣọ yín bá ti pòórá kó tó dé ibẹ̀, ẹ dín eré kù lórí díìmù, LED ni o, halogen ni o.

Kí bàbá rewáyà tó tún wáyà mi ṣe, ìgbésẹ̀ 22 ni halogen mi bá mi dé. Lẹ́yìn àtúnṣe, 34. LED àkọ́kọ́ tó mú bàbá ṣubú, 25 péré, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe funfun. LED kẹta tí mo dán wò, tí hóró rẹ̀ bá halogen mu, tó ní ṣíbí, tó ń fa wáàtì 18, dé 41, etí òkè rẹ̀ sì bá ti ṣọ́ọ̀kì mu. Òun ló wà níbẹ̀ báyìí. Ká ní kò yege ni, halogen tó dé ìgbésẹ̀ 34 yẹn ni ǹ bá máa lò, mi ò sì ní ráhùn.

Ẹ jẹ́ kí LED jó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó ka ìgbésẹ̀ tirẹ̀, torí ó máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bó bá gbóná. Ẹ tún dán an wò ní alẹ́ tí òjò rọ̀, àti nígbà ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tú sókè á kọ lu ẹ̀kán òjò àti eruku ọyẹ́, á sì padà wá sójú ẹni tó ń gùn ún bí aṣọ funfun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún padà sí ògiri. Àwọn kòtò ojú ọ̀nà wa lè ti tú òrùka LED díẹ̀. Halogen àtilẹ̀wá náà, mo wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ kan, mo tẹ̀ ẹ́ sínú agolo, ó wà lábẹ́ ìjókòó mi pẹ̀lú sukudiráífà kékeré.